Iná lè ba sípíkà inú láptọ́ọ̀pù jẹ́, àmọ́ ẹ má tíì ra sípíkà tuntun

Ẹ kú ìnira o. Ẹ béèrè bóyá iná mànàmáná lè ba sípíkà inú kọ̀ǹpútà jẹ́, nítorí pé láti alẹ́ tí iná ti lọ tó sì dé lójijì ni ohùn láptọ́ọ̀pù yín ti há, tó ń dún ṣàà bí àkàrà inú epo gbígbóná. Ìdáhùn mi ni pé ó lè bà á jẹ́, ṣùgbọ́n iná ara ògiri kì í sábà bá sípíkà náà tààrà. Ohun tí ń darí sípíkà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, òun náà ló sì máa wá pa sípíkà. Owó sípíkà méjì ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, gílóòbù pálọ̀ wa dédé mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́ láti àjà, kí n sì tó dìde láti pa súìṣì ńlá, ṣájà láptọ́ọ̀pù mi ti dún gbàù, òórùn ike tó jóná sì gba gbogbo ilé. Wáyà nútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń bá padà, ló já lórí òpó àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí àwọn oníná kì í ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Iná tó yẹ kó wọ ilé wa kò ju nǹkan bí 230 fọ́ltì lọ, èyí tí a ń rí láàárín fésì kan, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, àti nútírà. Láàárín fésì kan àti òmíràn, nǹkan bí 400 fọ́ltì ló wà níbẹ̀. Bí nútírà bá já, àwọn ilé tó wà lórí fésì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á wá máa pín 400 yẹn láàárín ara wọn, ìpín náà kì í sì í dọ́gba, nítorí ilé tí kò tan ohun púpọ̀ ni fọ́ltì máa ń pọ̀ sí jù. Gílóòbù méjì àti fáànù kan lèmi tàn, nígbà tí aládùúgbò mi ń fi iná se omi ìwẹ̀.

Nígbà tí mo la ṣájà náà, orí kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, ti là. 400 fọ́ltì ni wọ́n kọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ iná 400 fọ́ltì láti orí òpó, tí ṣájà bá ti sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, á sún mọ́ 560. Ayédèrú ṣájà ni mo sì ń lò, kò sí ohun tó dènà fún ìyókù tó gba inú rẹ̀ wọ bọ́ọ̀dù inú láptọ́ọ̀pù.

Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n kọ lẹ́tà. Ẹnì kejì ní nọ́ńbà mítà kò sí nínú lẹ́tà náà. Ẹnì kẹta béèrè rìsíìtì láptọ́ọ̀pù tí mo ti lò fún ọdún mẹ́fà, ẹnì kẹrin sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ṣé mo rí iná náà nígbà tó ń wọ inú láptọ́ọ̀pù ni. Bí ẹ bá fẹ́ tọ ọ̀nà yẹn, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé àjọ NERC, tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ iná, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Forum Office ní àwọn ìpínlẹ̀ kan fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yanjú lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná rẹ̀.

Ti atúnkọ̀ǹpútàṣe ló tún dùn mí jù. Kò mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná jáde rárá tó fi ní sípíkà ló ya. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ohùn mọ́ gaara, nígbà tó di ọjọ́ kejì, ibi tí mo gbé ọwọ́ lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ohùn sì dákẹ́. Ó gba owó mìíràn, ó fi òmíràn sí i. Ìyẹn kò rí alẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ló gbà mí. Ó fi mítà kan ojú wáyà méjèèjì tó lọ sí sípíkà nígbà tí orin kankan kò dún, ó sì fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ hàn mí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 fọ́ltì, nígbà tó yẹ kó wà nítòsí òdo. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni sípíkà fẹ́. Bí áísì, ẹ̀yà kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń gbé ohùn jáde, bá ti jóná, tó wá ń ti iná sí ọ̀nà kan láìdáwọ́ dúró, wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun nínú sípíkà á kàn máa gbóná ni. Ọ́ọ̀mù, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́, jẹ́ 4 lára tèmi: 5 fọ́ltì lórí rẹ̀ lé ní wáàtì 6, bẹ́ẹ̀ wáàtì 2 péré ni sípíkà náà lè gbà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi íápíìsì gbọ́ ọ. Bí ohùn bá mọ́ nínú íápíìsì, ó kù sí sípíkà tàbí áísì rẹ̀. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi bátìrì nìkan lò ó. Bí ariwo bá lọ, ẹ̀bi ṣájà tàbí àìsí wáyà ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, ẹ wọn sípíkà náà, ó yẹ kó wà nítòsí ọ́ọ̀mù 4 tàbí 8. Ẹ má gbàgbé láti kọ́kọ́ yọ bátìrì o. Ẹ má sì máa gbé ohùn kọjá 100 nínú ètò tó ń gbé fídíò jáde, nítorí ìyẹn náà lè jó sípíkà láìsí ẹ̀bi oníná kankan.

Ẹ tún béèrè nípa sítébíláísà, ẹ̀rọ tó ń mú fọ́ltì iná dúró déédéé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Èyí tí kò bá lè gé iná fúnra rẹ̀ nígbà tí fọ́ltì bá ti pọ̀ jù kì í ṣe ohun tí ẹ ń wá. Ní tèmi, bí iná bá ti lọ, mo máa ń yọ ṣájà lára ògiri, bó bá sì dé, mo máa ń wo gílóòbù pálọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó fi ṣájà padà sí ara ògiri.