Èsì: Ṣé ẹni tí kò mọ fáólíìnì ta lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ lè kọ́ ọ dáadáa, àmọ́ ẹ kọ́ títa rẹ̀ náà díẹ̀, torí etí yín ni yóò máa sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí.

Iléèwé wà fún un: ti Mittenwald ní Jámánì ti wà láti 1858, ti Cremona ní Ítálì láti 1938. Àwọn mìíràn ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá.

Pípọ́n irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fá igi ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè sú èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Pákó iwájú fáólíìnì kì í nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ tí ẹ bá fá a tán. Irin tí kò mú á fà á ya.

Ohun tó wù mí jù ni igi róbótó kékeré tó dúró nínú rẹ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, láìsí àtè kankan. “Ẹ̀mí” ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Ẹ sún un díẹ̀ báyìí, ohùn á yí padà.

Ti owó ńkọ́? Àtúnṣe ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ mọ́ ọn.