Ìdí tí oyin òṣìṣẹ́ fi ń kú nítorí ilé rẹ̀

Ìbéèrè: Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé, nínú ẹfolúṣọ̀n (ìyípadà ohun abẹ̀mí láti ìran dé ìran), ẹranko tí ó bá yè tí ó sì bímọ ni jíìnì rẹ̀ (ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) ń tàn kálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bi mí pé kí ló dé tí oyin òṣìṣẹ́, tí kò tilẹ̀ ní ọmọ, ń ta ènìyàn tí ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kú. Mo ní nítorí ire gbogbo irú oyin ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ọmọ yẹn mọ ìbéèrè í bi, nítorí ọ̀ràn kòkòrò tí kì í bímọ da Charles Darwin pàápàá láàmú nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1859, òun ni ó sì kọ́kọ́ dábàá pé ẹbí ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ “ire gbogbo irú oyin” rẹ́ kúrò lójú pátákó. Bí ẹranko kan bá ń fi ara rẹ̀ wéwu fún gbogbo irú rẹ̀ láìṣe àṣàyàn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó sá pamọ́ ni yóò jẹ èrè náà, tí yóò sì bímọ jù ú lọ. Nígbà tí ó bá pẹ́, àwọn tí ń sá pamọ́ nìkan ni yóò kù. Ohun tí a ń kà ni iye ẹ̀dà jíìnì ẹranko náà tí ó dé ìran tí ń bọ̀, ẹ̀dà wọ̀nyí sì wà lára àwọn ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú.

W. D. Hamilton, onímọ̀ báyọ́lọ́jì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ èyí di ìṣirò ní 1964: ìwà bẹ́ẹ̀ lè tàn kálẹ̀ bí èrè tí ìbátan rí, nígbà tí a bá fi ìwọ̀n ìbátan náà (ìpín jíìnì tí àwọn méjèèjì jọ jogún) sọ ọ́ di púpọ̀, bá ju àdánù ẹni tí ó ṣe é lọ. Ìwọ̀n náà jẹ́ 1/2 láàárín ọmọ ìyá kan bàbá kan, 1/4 láàárín àwọn ọbàkan. Bí ẹranko kan bá pàdánù ọmọ 1 kí ọmọ ìyá rẹ̀ lè bí 3 sí i, 3 × 1/2 jẹ́ 1.5, èrè ju àdánù lọ. Bí ó bá jẹ́ ọbàkan ni, 0.75 ni, kò tó.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti irú ikún kan ní òkè Sierra Nevada ní Kalifọ́níà, tí Paul Sherman kọ nípa rẹ̀ ní 1977. Ikún tí ó bá ké nígbà tí ó rí ẹran apẹranjẹ lórí ilẹ̀ ń fi ara rẹ̀ hàn fún ọ̀tá. Àwọn abo, tí kì í jìnnà sí ibi tí a bí wọn sí, ni wọ́n sábà máa ń ké, pàápàá àwọn tí ìyá, ọmọ tàbí ọmọ ìyá wọn wà nítòsí; àwọn akọ, tí wọ́n ti ṣí lọ láàárín àjèjì, kì í sábà ké. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ire gbogbo ikún ni, a kì bá tí rí ìyàtọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ ti oyin díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ oyin kò ní bàbá, ìdì jíìnì kan ṣoṣo ni ó ní, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ń fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. Abo sì ni gbogbo òṣìṣẹ́, nítorí náà òṣìṣẹ́ méjì tí ó ní ìyá kan bàbá kan bá ara wọn tan dé 3/4. Ọ̀pọ̀ àlàyé dúró síbẹ̀, èyí sì máa ń bí mi nínú, nítorí akọ tí ń gun ayaba oyin kan a máa ju mẹ́wàá lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ inú ilé jẹ́ ọmọ ìyá kan, bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìwọ̀n 1/4 péré. Ohun tí ó gbé ìṣirò náà ró ni pé àdánù òṣìṣẹ́ kéré: kì í bá akọ pọ̀, nígbà tí ayaba tí ó dáàbò bò lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbúrò fún un. Abẹ́rẹ́ tí òṣìṣẹ́ fi ń ta wá ní ìkọ́, kì í yọ lára wa mọ́, ìyẹn ni ó fi ń ya ikùn òṣìṣẹ́ náà, tí ó sì ń kú.

Òṣìṣẹ́ lè yé ẹyin tí yóò di akọ, ṣùgbọ́n ní 1989 Francis Ratnieks àti Kirk Visscher fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń jẹ irú ẹyin bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ti ayaba sílẹ̀. Ìdí ni pé ọmọkùnrin ayaba bá òṣìṣẹ́ tan ní 1/4, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin òṣìṣẹ́ mìíràn tí bàbá rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ bá a tan ní 1/8 péré.

Àwọn ọmọ yóò tún bi yín bí ẹranko ṣe mọ ìṣirò. Kò mọ̀ ọ́n. Ìwà tí ó rọrùn ni a bí mọ́ ọn: adìẹ ń tọ́ ohunkóhun tí ó bá pa lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ rẹ̀, bí a bá fi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ síbẹ̀, yóò tọ́ pẹ́pẹ́yẹ.