Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Nevaeh, níbo ló sì ti wá?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá inú Bíbélì ni orúkọ yìí ti jáde. Rárá o. Kì í ṣe Hébérù, kì í ṣe Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "heaven", ìyẹn ọ̀run, ni wọ́n kọ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bí ẹ bá kà á níbì kan pé ó ní gbòǹgbò àtijọ́, ẹ má gbà á gbọ́.

Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀. Ní 1999, ọmọbìnrin 8 péré ni wọ́n sọ ọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ní 2000 ni Sonny Sandoval, akọrin P.O.D., ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó jẹ́ Kristẹni, gbé ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Nevaeh jáde lórí tẹlifíṣàn MTV, tó sì ṣàlàyé orúkọ náà. Ojú àwọn òbí là sí i. Ní 2001 ó ti wà ní ipò 266 láàárín orúkọ ọmọbìnrin. Ní 2005, ipò 70. Ní 2010, ipò 25.

Ohùn máa ń wúwo lórí àárín rẹ̀: "Ni-VÉ-a". Yorùbá kò ní V, nítorí náà "Niféyà" ni ẹnu wa sábà máa ń sọ ọ́ dà.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí ni lẹ́tà. Lẹ́yìn V, lẹ́tà A ló ń ṣáájú E. Ojú tó ti mọ "ea" inú "heaven" lára ló ń mú kí àwọn kan kọ Neveah, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ka ìyẹn láti ẹ̀yìn, "haeven" lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé dídà tí wọ́n da ọ̀run kọ sẹ́yìn ti sọ ọ́ di òdìkejì ọ̀run. Lẹ́tà ni wọ́n dà, wọn ò da ìtumọ̀. Àbùkù tí èmi rí sí i ni pé ojú nìkan ló ń rí ìtumọ̀ yẹn. Etí kò lè gbọ́ ọ̀run nínú rẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá là á yé èèyàn. Bákan náà ni Semaj tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin, James ni wọ́n dà kọ.

Pé ó jẹ́ àtọwọ́dá kò bà á jẹ́. Àtọwọ́dá ni Vanessa náà: Jonathan Swift, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland, ló mú "Van" láti ara Vanhomrigh, orúkọ ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan, tó sì fi "essa" kún un láti ara Esther tí obìnrin náà ń jẹ́. Ó ti lé ní 300 ọdún báyìí, ta ló tún ń béèrè?