Ṣé Mítà Tuntun Náà Á Ṣì Máa Ka Atẹ́gùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Níbi ìpàdé lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, ẹnì kan dìde, ó ní mítà omi tó ń fi síìmù káàdì ránṣẹ́ ló lòde báyìí, pé ká máa bèèrè fún un. Mi ò lòdì sí i, àmọ́ ojú mi ti rí nǹkan. Níbi tí mo gbé tẹ́lẹ̀, ìlú mìíì ni, omi a lọ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, tó bá wáá fẹ́ dé, táàpù a kọ́kọ́ máa súfèé, fííì, ẹ̀kán omi kan ò ní sí ńbẹ̀, síbẹ̀ ẹ ó máa wo ọwọ́ mítà tó ń yí bírí bírí. Mo sanwó atẹ́gùn, ẹ̀gbọ́n! Ṣé ti ìgbàlódé yìí náà ò ní fi kọ̀ǹpútà rẹ́ wa jẹ?
Màmá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Màmá Ìbejì, ẹ kú ojú lọ́nà omi. Ẹ ò purọ́, ẹ sanwó atẹ́gùn lóòótọ́. Mítà àtijọ́, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí omi ń tì tó fi ń yí, nǹkan ọ̀hún ò sì mọ̀ bóyá omi ló ń ti òun àbí atẹ́gùn. Tí páìpù bá ti gbẹ, atẹ́gùn ló máa kún inú ẹ̀, omi tó ń padà bọ̀ á wáá máa lé e síwájú, ilé yín ló sì gbà jáde. Oríṣi kan wà báyìí tí ohunkóhun ò yí nínú ẹ̀, ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ ló ń ta gba inú omi, bí ìró yẹn bá ṣe yára dé sí ló fi ń mọ bómi ṣe ń sáré tó, tí kò bá sómi nínú páìpù, ìró ò ní kọjá bó ṣe yẹ, kò sì ní kà á. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi: mítà ẹnu ọ̀nà ilé kọ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Látìgbà tí wọ́n ti ṣe ìdídò Elẹ́yẹlé ní 1942 la ti ń ri páìpù mọ́lẹ̀ nílùú yìí, ìlú òkè sì nìlú wa, kómi tó gun òkè, wọ́n á fi ipá tì í, ipá yẹn náà ló ń bẹ́ páìpù àwọn tó wà ní kòtò. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà ni mítà ńlá kan síbi tí omi ti ń wọ àdúgbò, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ipá omi. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, nígbà tí gbogbo ayé ti sùn, omi tó bá ṣì ń wọlé gììrì, ó ń jò síbì kan nìyẹn.

Ibi tí wàhálà wà rèé o, mi ò sì gbọ́ káwọn tó ń polówó mítà sọ ọ́ rí: àwa tó jẹ́ pé òru lomi ń dé fún wa ńkọ́? Èèyàn á ṣí táàpù sílẹ̀, á gbé garawa sábẹ́ ẹ̀, á lọ sùn, ariwo omi nínú garawa ló máa jí i. Kọ̀ǹpútà á wo àdúgbò wa láago méjì òru, á ní páìpù ti bẹ́, bẹ́ẹ̀ àwa la ń pọnmi! Torí náà, àdúgbò kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kómi má lọ ńbẹ̀ tọ̀sán tòru, kí wọ́n tó sún sí òmíì.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Phnom Penh lórílẹ̀-èdè Cambodia nìyẹn. Ní 1993, tí wọ́n bá ti ọgọ́rùn-ún garawa jáde, bíi 72 ló ń ṣègbé sínú ilẹ̀ àti sọ́wọ́ àwọn olè. Nígbà tó fi máa di 2010, ó ti dín sí bíi mẹ́fà. Ek Sonn Chan tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ omi wọn nígbà náà lọ bá ọ̀gágun kan nílé lórí ọ̀rọ̀ mítà, ọ̀gágun nàbọn sí i lórí. Ó padà lọ pẹ̀lú àwọn agbófinró, wọ́n sì gé omi ẹ̀. (Ẹ bá mi wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn.)

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, púlọ́mbà ni mí ní Agodi Gate. Tí kọ̀ǹpútà bá ti mọ ibi tómi ti ń jò, kí la fẹ́ máa jẹ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Àdúgbò ni mítà ńlá yẹn máa sọ, kò mọ ojúlé. Ẹnì kan ṣì ní láti gbé irin lé páìpù lóru, kó fi etí lé e, kó gbọ́ ibi tó ti ń ṣe ṣìì, kó tó gbẹ́ ilẹ̀. Ohun tó yẹ kó ká ẹ lára ni máàpù: páìpù púpọ̀ wà tó jẹ́ pé orí àwọn àgbà púlọ́mbà nìkan ló mọ ibi tó gbà. Bẹ ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́ kó mú ẹ rìn ín nígbà tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ṣì gbé e, fi fóònù ẹ ṣàmì sí ojú ibẹ̀, kó o sì kọ orúkọ mọ́ṣáláṣí tàbí sọ́ọ̀ṣì tó bá wà nítòsí sí i, torí wọ́n máa ń wó ilé onílé.