Ajá wa ti wàjà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2. Mo kọ ọ̀rọ̀ sójú bọ́ọ̀dù, ìyẹn oríṣiríṣi ọ̀nà tá a lè gbà sọ pé èèyàn kú, mo wá ní kí wọ́n lò ó nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀kan kọ ọ́ pé ajá àwọn ti wàjà. Òmíì ní bàbá bàbá òun gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra, òun sì sunkún gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó ń dùn mí. Ibo ni mo ti ṣì í? (Tíṣà kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ajá wàjà kẹ̀! Tíṣà, ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ó dà bíi pé mo rí bọ́ọ̀dù yẹn: kú = papòdà = wàjà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ti rí = ìṣirò ló kà á sí, èyí tó bá wù ú ló máa mú. Ẹ pa á rẹ́.

Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn. Wàjà, ti ọba ni, torí wọ́n ní ọba kì í kú, ó wọ àjà lọ ni. Papòdà, àgbà tá a bọ̀wọ̀ fún ló pa ipò dà. Èyí tó gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra, ẹni tí ikú ẹ̀ ò dun ẹni tó ń sọ ọ́ ni, yẹ̀yẹ́ ló ń fi í ṣe, ẹ wá wo bàbá bàbá ọmọ ọlọ́mọ!

Èmi, ewúrẹ́ ni mo fi ń dán ọ̀rọ̀ wò. Mo á bi kíláàsì pé ṣé ewúrẹ́ lè lóyún, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ewúrẹ́ lè fẹ́ra kù? Ẹ̀rín á sọ, wọn ò sì ní gbàgbé mọ́ láéláé pé ọmọ èèyàn tá ò fẹ́ la ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ti tó: "Ìyá arúgbó kan ń wò mí." Ẹ ní kí wọ́n yọ "wò" kúrò, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ míì rọ́pò ẹ̀. Tí ìyá bá tẹjú mọ́ mi, bóyá ó fẹ́ dá mi mọ̀ ni. Tó bá ń yọjú wò mí, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló wà. Tó bá ranjú mọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ni mo máa bá sọ̀rọ̀. Ìyá kan náà o, ẹnu ọ̀nà kan náà.

Kò mọ sọ́mọdé náà ṣá. Èmi yìí gba máìkì níbi ìnáwó kan, mo ní ògbólógbòó oníwàásù ni pásítọ̀ wa, mo rò pé mò ń yìn wọ́n. Ojú tí pásítọ̀ fi wò mí! Àṣé olè àti gbájúẹ̀ làwọn èèyàn máa ń so ògbólógbòó mọ́.

Ẹ dá lẹ́tà yẹn padà fún ọmọ náà, kó wá ọ̀rọ̀ tó yẹ bàbá bàbá ẹ̀. Ti ajá, kú náà ti tó.