Ikọ́ tó ń le sí i kí nǹkan oṣù tó dé: èsì fún Ìyá Ìbejì ní Kétu, ilẹ̀ Benin

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ikọ́ yín ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń le sí i bí nǹkan oṣù bá ku ọjọ́ mélòó kan, nọ́ọ̀sì sì ní "ọ̀rọ̀ ara obìnrin ni". Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ pa hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tì. Ẹ má tíì pa á tì. Àmọ́ irú èsì nọ́ọ̀sì yẹn, èébú ni lójú tèmi. Ta ló ń fi ojú lásán wo ikọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?

Họ́mónù lọ́wọ́ sí i lóòótọ́ o, kì í kàn ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí ara iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé kòkòrò mì, kí wọ́n sì pa á. Estrogen, họ́mónù tó pọ̀ lára obìnrin, ń mú iṣẹ́ yẹn yá. Lára eku ni wọ́n ti rí i kedere: wọ́n fi pneumococcus, kòkòrò tó ń fa òtútù àyà, sí akọ àti abo lẹ́dọ̀fóró, abo sì ń pa á ju akọ lọ. Testosterone, họ́mónù ọkùnrin, ń fà á sẹ́yìn ní tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó fà á tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi ń mú ọkùnrin jù: ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú 100 ẹni tó mú, 55 jẹ́ ọkùnrin, 33 jẹ́ obìnrin, ọmọdé ló kù. Ẹ fi sìgá àti ọtí kún un.

Estrogen yìí kan náà lè yí padà di ọ̀tá. Nínú cystic fibrosis, àìsàn àjogúnbá tí kì í wọ́pọ̀ láàárín wa, àwọn onímọ̀ ní Ireland fi hàn ní 2012 pé ó ń jẹ́ kí kòkòrò Pseudomonas fi nǹkan yíyọ̀ bora bí omi ilá, tí oògùn kò fi ní lè ráyè wọlé sí i lára. Tiyín lè jẹ́ asthma, tó máa ń le sí i lára àwọn obìnrin kan kí nǹkan oṣù tó dé, àgàgà bí àyà bá ń dún fíín-fíín lóru. Ṣùgbọ́n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹ tó jẹun, ẹ fi omi fọ ẹnu, ẹ bọ́ síta gbangba, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wú u láti ìsàlẹ̀ àyà. Itọ́ ẹnu kò wúlò fún àwọn aláyẹ̀wò. Ẹ̀rọ GeneXpert, tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ń sọ èsì ní nǹkan bíi wákàtí 2.

Bó bá wá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ibi tó ń dun èmi nìyí, torí wọn kì í sọ ọ́. Oògùn oṣù 6 ni, ọ̀fẹ́ ni ní Benin: oríṣi 4 fún oṣù 2, oríṣi 2 fún oṣù 4. Rifampicin wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n á sọ fún yín pé ìtọ̀ yín á pọ́n bí omi ìṣápá tí wọ́n bu omi là, pé kí ẹ má bẹ̀rù. Wọn ò ní sọ pé rifampicin ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan, á sì máa run họ́mónù inú hóró yín kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní gbàgbé hóró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oyún sì lè dé. Hóró méjì lóòjọ́ kò tún un ṣe. Èyí tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ apá náà lè já yín kulẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tàbí wáyà bàbà inú ilé ọmọ ló ṣeé gbọ́kàn lé, tàbí kí baálé yín lo kọ́ńdọ̀mù. Ọjọ́ tí oògùn bá tán kọ́ ni ẹ̀dọ̀ máa sinmi. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 4 lé e. Bí oyún bá sì ti wà nílẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́, torí streptomycin, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ kan, lè ba etí ọmọ inú jẹ́.

Ẹ má ra ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò kan, oníhóró méjì-méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri ọjà o. Ikọ́ ẹ̀gbẹ á rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, àyẹ̀wò lè ní kò sí nǹkan kan, àrùn á máa jẹ ẹ̀dọ̀fóró lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń lo dexamethasone kí wọ́n lè sanra ńkọ́? Kì í ṣe họ́mónù obìnrin, ṣùgbọ́n ó ń pa ààbò ara kú, ó sì lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà, bó bá ń wúkọ́, kó má rò pé àárẹ̀ ìbímọ ni: ara tó dẹwọ́ nítorí oyún ń padà le, ibẹ̀ ni àrùn tó fara pamọ́ ti ń yọjú.

Ẹ̀n-ẹ́n, hóró yín tí ẹ béèrè. Bí èsì bá ní kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ máa lò ó lọ. Amoxicillin kì í bà á jẹ́, ohun yòówù kí àwọn aládùúgbò sọ. Àyàfi bí ẹ bá bì láàárín wákàtí 2 tí ẹ gbé e mì, kí ẹ yára lo òmíràn.