Ìlọrin sí Òmù-Àrán: Àjàṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ ní bọ́ọ̀sì àwọn àgbà lẹ fẹ́ kó láti Ìlọrin lọ síbi ìsìnkú ní Òmù-Àrán, ẹ sì ń bèèrè bóyá Ọ̀fà lẹ máa gbà tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo. Àjàṣẹ́ ni. Ẹ gba Gánmọ̀, Àmọ́yọ̀ àti Ìdófìàn dé Àjàṣẹ́. Níbẹ̀ lọ̀nà ti yà. Èyí tó yà sọ́tùn-ún ló ń lọ sí Ọ̀fà, ẹ fi í sílẹ̀, àyípo lásán ni. Ẹ bá ti Òró lọ títí dé Òmù-Àrán. Ìyẹn ò le.

Ohun tó le ni àárín Ìdófìàn sí Àjàṣẹ́ nígbà òjò. Mo gbé ìyá mi tó ń ṣàìsàn bọ̀ láti Òmù-Àrán lóṣù kẹsàn-án. Tírélà kan rì sínú kòtò, ó dábùú títì. Ọkọ̀ tò síwájú, ọkọ̀ tò sẹ́yìn, kò sí bá a ṣe lè yí padà. Ìyá ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ọkọ̀, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, mo ń pe nọ́ńbà ilé ìwòsàn, wọn ò gbé e. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ọkọ̀ kéékèèké tó lè rápálá kọjá. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọ Ìlọrin. Ọlọ́run ló yọ ìyá. Títí dòní, tí mo bá rí omi lójú títì, àyà mi máa ń já.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnjiníà kan jókòó sórí rédíò, ó ní ọ̀nà náà ṣeé rìn. Ta ló rìn ín? Wọ́n á da ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, wọn ò ní la gọ́tà. Omi á wọ abẹ́ ọ̀dà, tírélà á gùn ún, ó ti tú nìyẹn. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ké sí aláṣẹ tó wà nítòsí, á ní kì í ṣe tòun.

Ẹ má jẹ́ kí dírébà sáré wọ omi tí ò rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ fi igi wọ̀n ọ́n. Ẹ yẹ jáàkì àti táyà àpòjù wò fúnra yín, dírébà á ní ó wà, kò ní sí. Ẹ má tẹ̀ lé àkókò tí fóònù bá sọ, kìlómítà ló ń kà, kì í ka kòtò. Táwọn àgbà bá ní àwọn fẹ́ yà wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́, torí Òró ò jìnnà síbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ibi dáadáa ni, ilé ère ibẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni kẹ́ ẹ lọ. Àwọn ajínigbé ò jẹ́ kéèyàn fi alẹ́ rìn mọ́.

Ẹ gbéra ní kété tílẹ̀ bá mọ́, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún ẹbí olókùú ṣáájú pé ẹ ò ní dúró di ìrọ̀lẹ́.